Àmì Ìkànlẹ̀kùn àti Ìkíni Bàbá Mi

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe kò ṣeé ṣàlàyé lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Bí àwọn ìyá ìjọ bá bi mí pé kí ni mo ń ṣe nínú ilé láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, "Kọ̀ǹpútà ni" ni mo máa ń sọ. Ẹni tó béèrè á sì na fóònù rẹ̀ sí mi pé kí n bá òun wò ó, kò gbé ohùn jáde mọ́. Mi ò mọ fóònù tún ṣe. Mo ti sọ ọ́ títí ó ti sú mi, wọ́n ṣì ń na fóònù sí mi.

Ohun tí mo ń ṣe nìyí, kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kí n sinmi. Inú kọ̀ǹpútà ńlá kan, èèyàn lè kó ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà mìíràn sí, àwọn tí kò ní irin kankan tí a lè fọwọ́ kàn, tó jẹ́ pé ètò lásán ni wọ́n. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbà pé òun nìkan ló wà láyé. Ẹ fojú ilé kan tí ayálégbé pọ̀ sí wò ó. Onílé ni ètò tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, èyí tí àwa ń pè ní kánẹ́lì. Bí ìsọfúnni bá dé láti ìta, tàbí bí ibi ìkẹ́rùsí, níbi tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú ìsọfúnni sí, bá parí ohun tí wọ́n rán an, ẹnu ọ̀nà onílé ni wọ́n máa kàn. Onílé ló gbọ́dọ̀ mọ ayálégbé tí wọ́n ń wá, kó lọ kan ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, kí ayálégbé sì rò pé òun gan-an ni wọ́n wá bá tààrà. Bó bá ń sùn, kó jí i. Bó bá ní kí wọ́n má dí òun lọ́wọ́ ná, kó bá a fi àmì sẹ́nu ọ̀nà títí yóò fi ṣílẹ̀kùn. Ọ̀nà tí ìkànlẹ̀kùn yìí ń gbà láti ọ̀dọ̀ onílé dé ọ̀dọ̀ ayálégbé ni wọ́n gbé fún mi ní ọdún tó kọjá pé kí n tún là, nítorí èyí tó wà tẹ́lẹ̀ ti gbó, ó sì ti lọ́jú pọ̀.

Àwọn tí a jọ ń ṣe é, mi ò rí ọ̀kan rí nínú wọn. Orílẹ̀-èdè òtútù ni púpọ̀ wọn wà. Lẹ́tà la fi ń bára wa sọ̀rọ̀: èmi á kọ iṣẹ́ mi ránṣẹ́, wọn á kà á, wọn á tú u palẹ̀, wọn á dá a padà. Ọkùnrin àgbà kan wà tó ń ṣọ́ apá ibẹ̀, kò sí ohun tó lè wọlé bí kò bá fọwọ́ sí i. Ó níwà pẹ̀lẹ́ púpọ̀. Ìdúpẹ́ ló máa fi bẹ̀rẹ̀, bó bá sì ti ń dúpẹ́ báyìí, mo ti mọ̀ pé mo wọ gàù. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ padà. Ẹ̀dà kejì padà. Nígbà tó máa di ẹ̀dà karùn-ún, bí mo bá rí orúkọ rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, màá kọ́kọ́ dìde lọ gbálẹ̀ kí n tó ṣí lẹ́tà náà.

Ẹ̀dà karùn-ún yẹn gan-an ló fẹ́ pa mí. Wọ́n rí i pé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ayálégbé kan máa ń sùn tí kì í jí mọ́. Kò kú, kò ṣàìsàn, oorun ló ń sùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wá ìdí rẹ̀. Ayálégbé wo ẹnu ọ̀nà, kò rí àmì kankan. Ó yíjú padà kó lọ sùn. Àárín ìgbà tó yíjú padà sí ìgbà tó forí lé ìrọ̀rí, tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, ni wọ́n wá fi àmì sẹ́nu ọ̀nà. Onílé wò ó pé ojú ẹni yìí ṣì là, kò nílò kí òun jí i. Ayálégbé sùn, àmì wà lẹ́nu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó bi ẹnikẹ́ni. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju ìlà méjì lọ: kí ẹni tó fẹ́ sùn kọ́kọ́ kéde pé òun ń lọ sùn, kó tún wá yẹ ẹnu ọ̀nà wò lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó dùbúlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún ìlà méjì. Mo gbórí lé tábìlì, mo sunkún díẹ̀, mo lọ fọ abọ́.

Irú iṣẹ́ yìí kò fẹ́ ariwo. Nǹkan bí mẹ́wàá lèèyàn máa ń gbé sọ́kàn lẹ́ẹ̀kan náà, bí fóònù bá sì dún, gbogbo rẹ̀ á dà sílẹ̀, wákàtí kan lèèyàn á fi ṣà á padà. Àdúgbò Adébáyọ̀ la sì ń gbé, ní Adó-Èkìtì, níbi tí ọkọ̀, jẹnẹrétọ̀ àti ẹni tó ń polówó káàdì kò jẹ́ kí ojú ọ̀nà dákẹ́. Èyí tí mi ò lè ṣe nǹkan kan sí, mo gbà fún Ọlọ́run. Èyí tí mo lè ṣe nǹkan sí ni fóònù.

Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba, àárọ̀ ló ń lọ, ìrọ̀lẹ́ ló ń dé. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ obìnrin, aránṣọ, ló ni ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé wa. Àǹtí ni mo ń pè é, nítorí ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti ń lọ síléèwé kí wọ́n tó bí i. Ọmọlúwàbí èèyàn ni, ó mọ́wọ́, ó mẹ́nu. Òun ni mo gbé fóònù mi fún.

Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, láti aago mẹ́jọ títí di márùn-ún, ẹ máa bá mi gbé e. Tó bá jẹ́ ìkíni lásán, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, màá rí i nírọ̀lẹ́. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ gidi, ẹ wá kan ilẹ̀kùn mi."

Ó ní, "Ìyàwó wa, ó ti yé mi." Ó fa ìwé tó fi ń kọ ìwọ̀n àyà àti ìbàdí àwọn oníbàárà rẹ̀ yọ, ó fa ìlà sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé "Ìpè Ìyàwó Wa".

Inú mi dùn sí ètò yìí ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún ọkọ mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "O ti wá sọ ilé wa di kọ̀ǹpútà." Mo ní kò burú, kọ̀ǹpútà kò kúkú ń béèrè pé kí la máa jẹ lálẹ́.

Bàbá mi ń gbé ní Ìyìn. Olùkọ́ àgbà ni kó tó fẹ̀yìn tì, láti ìgbà tí ìyá mi sì ti kú, òun nìkan ló wà nínú ilé náà, bí a bá yọ obìnrin ìjọ kan tó ń bá a se oúnjẹ. Ẹ̀gbọ́n mi wà lókè òkun. Èmi ni mo wà nítòsí. Láti Adó sí Ìyìn, ọkọ̀ kò ní í fi ogún ìṣẹ́jú rìn ín. Mo kọ ọ́ síbí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀nà jíjìn ló dá mi dúró.

Bí òjò ṣe bẹ̀rẹ̀ ni bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í pè. Nírọ̀lẹ́, bí mo bá jáde wá pẹ̀lú ojú pípọ́n, Àǹtí á sọ ohun tó wà nínú ìwé rẹ̀ fún mi: báńkì pè, ẹni tó fẹ́ ta ilẹ̀ pè, "Bàbá Ìyìn sì kí yín o." Èmi á ní, "Wọ́n ṣeun." Èmi á lọ bu oúnjẹ. Lọ́jọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀, "Bàbá Ìyìn kí yín." Wọ́n ṣeun. Títí ó fi wá jẹ́ pé Àǹtí kò dárúkọ rẹ̀ mọ́ bí kò bá jẹ́ lọ́jọ́ Fúráìdè, á ní, "Bàbá kí yín lọ́sẹ̀ yìí náà," gbogbo ìkíni ọ̀sẹ̀ náà á di ẹyọ kan.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí mi ò bá sùn gbalaja, mo máa ń pè é. Ẹ̀ka èdè Ìyìn ló máa ń bá mi sọ, ó fi Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá ìwé sílẹ̀ fún àwọn tí kì í ṣe ọmọ rẹ̀.

"Ṣé o ti parí uṣẹ́ un?"

"Ó kù díẹ̀, Bàbá."

"Ó dáa. Parí ẹ̀ ná. Kò sí kinní kan, mo kàn ní kí n kí ọ ni."

Mo lọ kí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láàárín gbogbo ìgbà yẹn. Òjò ń rọ̀, mo sì ti pinnu kí n tó kúrò nílé pé mi ò ní í lò ju ìdajì wákàtí lọ. Ó bu omi fún mi, bó ti máa ń ṣe fún àlejò àti ọmọ bákan náà. Omi náà gba ẹ̀gbẹ́ ife kọjá, ó dà sórí tábìlì. Mo mú aṣọ, mo nù ún. Mo tilẹ̀ rò ó lọ́kàn pé ẹsẹ̀ tábìlì yẹn ti ń mì, ó yẹ ká pe káfíńtà. Ó ní, "Uná tí wọ́n ń mú wá ní Ìyìn yìí kò mọ́lẹ̀ mọ́. Tiyín ní Adó dáa jù ú lọ." Mo ní màá wá nǹkan ṣe sí i. Mo sì wá nǹkan ṣe sí i lóòótọ́: kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mo ra gílóòbù tó tóbi jù ní Adébáyọ̀, mo ra fìtílà tó ń lo oòrùn mọ́ ọn, mo fi rán ọlọ́kadà. Inú mi dùn pé mo ti yanjú ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀. Bàbá mi pè láti dúpẹ́. Àǹtí kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tó yá, mo gbọ́ pé kì í ka ẹ̀kọ́ Bíbélì mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ohun tó ti ń ṣe láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Mo bi í lórí fóònù. Ó ní kí àwọn ọ̀dọ́ náà máa kà á. Mo ní, "Ẹ ṣe dáadáa, Bàbá." Ojú kọ̀ǹpútà ni mo ń wò nígbà tí mo ń sọ ọ́.

Ní ẹ̀dà kẹjọ, ọkùnrin àgbà tó ń ṣọ́ iṣẹ́ wa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi gidigidi, lẹ́yìn náà ló béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo. Ó ní, bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀marùn-ún kí ayálégbé tó jí, ẹyọ àmì kan ni yóò bá lẹ́nu ọ̀nà. Ṣé mẹ́rin yòókù ti sọnù nìyẹn? Ṣé kò yẹ kí onílé máa ka iye ìgbà tí wọ́n kàn? Inú bí mi, nítorí mo ti ronú lórí èyí kí n tó kọ ìlà àkọ́kọ́. Mo fi ọjọ́ kan gbáko fèsì. Mo ní kò sí ohun tó sọnù. Àmì kọ́ ni iṣẹ́ tí wọ́n rán. Gbogbo ohun tí àmì ń sọ kò ju "lọ wò" lọ. Ẹni tó bá rí i, ojúṣe rẹ̀ ni kó jáde, kó wo gbogbo ohun tó wà níta, kó sì má padà wọlé títí kò fi ní í ku ẹyọ kan. Bó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmì kan tó fún ẹgbẹ̀rún ìkànlẹ̀kùn. Bí kò bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, bí onílé ka ẹgbẹ̀rún fún un, kò lè ràn án lọ́wọ́.

Ó gbà. Ó ní ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, ó sì ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé àlàyé, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí i kà. Mo kọ ọ́. Ó ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ̀dà kẹsàn-án ni wọ́n gbà wọlé. Ọyẹ́ ti dé nígbà náà, ètè mi ti ya, aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ni. Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Mo rò pé màá fò sókè. Mi ò fò. Ó kàn rẹ̀ mí ni, ó rẹ̀ mí dé egungun. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo ṣílẹ̀kùn, mo jáde sí ṣọ́ọ̀bù Àǹtí láàárín ọjọ́, ó yà á lẹ́nu.

Mo ní, "Àǹtí, ó ti tán. Ẹ kó fóònù mi wá."

Ó bá mi yọ̀ tọkàntọkàn. Ó dìde kúrò nídìí ẹ̀rọ, ó gbé fóònù fún mi, ó sì gbé ìwé náà lé e lórí, bí ẹni tó ń jíṣẹ́ ìríjú. Mo jókòó sórí àpótí tí àwọn oníbàárà ń jókòó sí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i láti ẹ̀yìn, tẹ̀ríntẹ̀rín, kí n lè rí àwọn tí mo máa pè padà.

"Bàbá Ìyìn. Ìkíni." Lábẹ́ rẹ̀, báńkì. "Bàbá Ìyìn. Ìkíni." "Bàbá Ìyìn. Ìkíni. Wọ́n béèrè bóyá ẹ ti parí iṣẹ́." "Bàbá Ìyìn, ẹ̀ẹ̀mejì. Wọ́n ní àwọn ṣi nọ́ńbà tẹ̀." "Bàbá Ìyìn. Ìkíni." "Bàbá Ìyìn. Wọ́n ní ṣé Adó náà ń ṣú bíi ti Ìyìn. Ìkíni." "Bàbá Ìyìn. Ìkíni. Wọ́n béèrè bóyá ẹ ti parí iṣẹ́." Ojú ewé kan tẹ̀ lé òmíràn. Nígbà tó yá mi ò ka nǹkan mìíràn mọ́, orúkọ bàbá mi nìkan ni mò ń tọ̀ lẹ́yìn. Ó jẹ́ mọ́kànlélógójì. Bàbá mi, tó jẹ́ pé nígbà tí mo wà ní yunifásítì, lẹ́tà kan lóṣù ló ń kọ sí mi, tó sì ń fi rúlà fa ìlà sábẹ́ ọjọ́ tó kọ sókè rẹ̀.

Mo dìde lórí àpótí. Mo pariwo mọ́ Àǹtí. Ó dùn mí títí dòní pé mo pariwo mọ́ ọn, níwájú oníbàárà rẹ̀. Mo ní, "Ìgbà mọ́kànlélógójì, Àǹtí! Ẹ ò bi wọ́n pé kí ló dé?"

Kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Ìyàwó wa, ìkíni ni wọ́n sọ. Ẹ̀yin lẹ ní kí n kọ ìkíni sílẹ̀." Ó wá wolẹ̀. "Àna mi ni wọ́n. Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀?"

Mo pa ìwé náà dé. Èmi ni mo fi àna sáàárín èmi àti bàbá mi, tí mo sì retí pé kí àgbàlagbà sọ fún àna pé nǹkan ń ṣe òun. Ọmọ Èkìtì ni mí. Mo mọ̀ pé bàbá tó fọ́mọ fún ilé kan kì í ti ẹnu ọ̀nà ilé náà tọrọ ìrànlọ́wọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó bá wúwo ní ilé wa, ìkíni la fi ń gbé e wọlé, a ó béèrè ọmọ, a ó béèrè iṣẹ́, títí ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ á fi ní, "Kí ló dé gan-an?" Mo mọ gbogbo èyí kí n tó mọ ABD, mo sì lọ kọ òfin pé ìkíni kò ju ìkíni lọ.

Mo gba ọkọ̀ lọ sí Ìyìn ní ọ̀sán yẹn pẹ̀lú aṣọ ilé lọ́rùn. Bàbá mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú rẹ̀ sí ọ̀nà. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo rìn wọlé, mo dúró síwájú rẹ̀, àyè tó wà láàárín wa kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ. Ó ń wò mí.

Ó ní, "Ta nì yẹn o?"

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Èmi ni, Bàbá."

Ojú rẹ̀ wá sí apá ibi tí ohùn ti jáde, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Háà. O ti parí uṣẹ́ un."

Mo bi í pé láti ìgbà wo. Ó ní ti ọ̀tún ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, kò dùn ún rárá, ó kàn ń dà bíi pé ẹnìkan ń fa kọ́tìnì bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ni, díẹ̀ díẹ̀. Ó rò pé iná ìjọba ni. Nígbà tí fìtílà mi dé, ó tàn án, ó wá mọ̀ pé kì í ṣe iná.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ, Bàbá?"

"Ta ni ǹ bá sọ ọ́ fún? Àna mi?" Kò bínú. Ohùn tó fi ń ṣàlàyé ìṣirò fún ọmọ tí kò gbọ́ ló fi sọ ọ́. "Mo sì rò pé bí mo bá ti kí ọ tó, wàá wá."

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Ìgbà mọ́kànlélógójì ni bàbá mi sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀ fún mi, kò sí ọ̀kan tó di odindi. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé fún àwọn àjèjì pé ẹni tó bá rí àmì, kó jáde lọ wò. Èmi rí àmì ní gbogbo ọjọ́ Fúráìdè, mo ní wọ́n ṣeun, mo lọ jẹun.

Dókítà ojú tí a lọ rí ní Adó kò tíì pé ọdún márùndínlógójì lójú mi. Ó fi ẹ̀rọ wo inú ojú bàbá mi, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ní omi inú ẹyinjú ló ń tì í láti inú wá, ó sì ti pa iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ. Ojú ọ̀tún ti lọ. Ti òsì ku fèrèsé kékeré kan láàárín. Èyí tó ti lọ kò lè padà, ṣùgbọ́n a ó máa kán oògùn sí i, a ó sì máa gbàdúrà pé kí ìyókù dúró.

Mo dúró títí nọ́ọ̀sì fi mú bàbá mi jáde, mo wá béèrè ohun tí kò yẹ kí n béèrè. Mo ní, "Ká ní ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ la wá ńkọ́?"

Ó wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká tọ́jú èyí tó kù." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo jáde.

Bàbá mi ti ń gbé lọ́dọ̀ wa láti ìgbà náà. Kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ó ní ta ni í gbé ilé àna. Ọkọ mi ló lọ dọ̀bálẹ̀ fún un ní Ìyìn, tó ní bí Bàbá kò bá tẹ̀ lé òun, òun náà ò ní í dìde. Àǹtí rán aṣọ tuntun mẹ́ta fún un láìgba ìwọ̀n, ó ní òun ti fojú wọ̀n ọ́n. Mo ti bẹ Àǹtí. Ó ní kò sí nǹkan, ṣùgbọ́n kò gba fóònù mi mọ́, mi ò sì ní kó gbà á. Ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ mi kì í tì mọ́. Iṣẹ́ mi ti lọ́ra, àwọn tí a jọ ń ṣe é sì ti ṣàkíyèsí. Wọ́n ti gbé òmíràn fún mi, ọ̀nà ìkànlẹ̀kùn kan náà ni, irú kọ̀ǹpútà mìíràn. Ó ti ń rẹ̀ mí kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Bàbá mi máa ń jókòó sí pálọ̀, lórí àga tó kọjú sí fèrèsé. Lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ ni mò ń kán oògùn sí i lójú. Ó ń pè mí nígbà mìíràn láàárín iṣẹ́, gbogbo ohun tí mo kó sọ́kàn á sì dà sílẹ̀, mo máa ń dìde.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, aago méjì ọ̀sán, ó pè mí. Mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ pè?"

"Kò sí kinní kan. Mo kàn ní kí n kí ọ ni."

Mo fa àga kan, mo jókòó tì í. Oòrùn gba fèrèsé wọlé, ó bo ẹsẹ̀ rẹ̀ àti itan rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé gan-an. Ó yí orí sí òsì, ó yí i sí ọ̀tún, ó ń wá nǹkan.

Ó ní, "Ṣé wọ́n ti mú uná lọ ni?"

Kí n tó dáhùn, ó gbójú sókè. Fáànù ń yí lókè orí rẹ̀, atẹ́gùn rẹ̀ ń fẹ́ ọrùn aṣọ tí Àǹtí rán fún un. Ó tẹ́tí sí i fún ìgbà díẹ̀.

Ó ní, "Fáànù ń yí."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ó nawọ́ wá mi, ó rí orúnkún mi, ó gbọ́wọ́ lé e. "O kú uṣẹ́ o," ó ní. "Padà lọ parí ẹ̀."

Mi ò lọ.